Inú Kernel Ń Yí Padà, Ètò Yín Kò Gbọdọ̀ Bàjẹ́: Ìbéèrè àti Ìdáhùn láti Adó-Èkìtì

Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, àwa bíi mẹ́wàá máa ń jókòó ti kọ̀ǹpútà ní yàrá kan lẹ́yìn Ọjà Ọba, Adó-Èkìtì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Poly wà níbẹ̀, àwọn tó ń tún laptop ṣe wà níbẹ̀, ìyá kan tó ní ilé ìtẹ̀wé kékeré náà kì í pa á jẹ. Linux la ń kọ́, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bí Windows ṣe ń ṣe. Ìbéèrè kan ló máa ń padà wá lóríṣiríṣi ọ̀nà: bí wọ́n bá ń tú kernel palẹ̀ tí wọ́n sì ń tún un tò lójoojúmọ́, báwo ni ètò tí mo fi sórí ẹ̀rọ mi láti ọdún gbọọrọ ṣe ń ṣiṣẹ́ síbẹ̀? Kí ló sì dé tí àwọn nǹkan mìíràn ń kú? Mo kó àwọn ìbéèrè náà jọ síbí, pẹ̀lú ìdáhùn tí mo máa ń fún wọn.

Kí ni kernel, kí sì ni ẹ ń pè ní ojú rẹ̀?

Kernel ni ètò tó wà nísàlẹ̀ gbogbo ètò yòókù. Òun ló ń pín mẹ́mórì, òun ló ń pinnu ẹni tí CPU, ọpọlọ ẹ̀rọ, kàn, ọwọ́ rẹ̀ sì ni dísìkì, kíbọ́ọ̀dù àti káàdì Wi-Fi wà. Firefox kò lè dá fáìlì kà. Ó ní láti bẹ kernel pé kó bá òun kà á. Ẹ̀bẹ̀ yẹn ni wọ́n ń pè ní system call.

Tí ẹ bá fẹ́ fojú ara yín rí i, ẹ ṣí terminal, kí ẹ tẹ strace ls. Ìlà á máa rọ́ wá bí òjò. Ẹ ó rí openat, níbi tí ls ti ní kí kernel bá òun ṣí fódà. Ẹ ó rí getdents64, níbi tó ti ń béèrè orúkọ ohun tó wà nínú fódà náà. Nígbẹ̀yìn ẹ ó rí write, òun ló gbé orúkọ wọn síwájú yín. Nọ́ńbà ni kernel fi ń dá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mọ̀, kò mọ orúkọ. Lórí àwọn ẹ̀rọ Intel àti AMD oní-64-bit, read ni 0, write ni 1, open ni 2, close ni 3. Lórí ti 32-bit àtijọ́, read ni 3, write ni 4. Ètò tí wọ́n ti ṣe compile rẹ̀, ìyẹn tí wọ́n ti sọ kóòdù rẹ̀ di èyí tí ẹ̀rọ lè lò tààrà, ti ní nọ́ńbà yẹn lára bí ilà ojú. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ 1 di nǹkan mìíràn lónìí, ètò náà á ní òun ń kọ̀wé, kernel á sì máa ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́.

Àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí, ohun tí à ń fi ránṣẹ́ pẹ̀lú wọn, èsì tí wọ́n ń mú bọ̀, àti àwọn fáìlì inú /proc àti /sys tí ètò ń kà: ojú kernel nìyẹn. Gbogbo ohun tó kù jẹ́ inú.

Ìlérí wo gan-an ni wọ́n ṣe nípa ojú yìí?

Pé ètò tó ṣiṣẹ́ lórí kernel àná gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ lórí ti òní. Linus Torvalds, tó bẹ̀rẹ̀ Linux ní Finland lọ́dún 1991, ló fi í ṣòfin, kò sì fi ṣeré.

Ẹ wo kóńgò tí wọ́n fi ń wọn gàrí lọ́jà. Ìyá onígàrí lè ra ọjà rẹ̀ ní Ìkọ̀lé lọ́sẹ̀ yìí, kó rà á ní Ìjerò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó lè pààrọ̀ àpò, kó ṣí ìsọ̀ rẹ̀ lọ sí ìlà kejì, kó gba ọmọọṣẹ́ tuntun. Kò kan oníbàárà. Ọjọ́ tó bá lu ìdí kóńgò wọnú ni ariwo á ta. Bẹ́ẹ̀, kò pa orúkọ kóńgò dà, àwọ̀ rẹ̀ kò yí padà, ẹni tó bá ń wò ó lókèèrè kò ní mọ̀. Ẹni tó gbé gàrí délé ló máa mọ̀.

Irú ìdí-kóńgò bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2012. Ọ̀kan nínú àwọn alábòójútó kernel gba àyípadà kan wọlé tó mú kí kernel máa dá nọ́ńbà àṣìṣe mìíràn padà fún ìbéèrè kan náà lápá fídíò. Orúkọ ìpè náà kò yí padà, nọ́ńbà rẹ̀ kò yí padà, nọ́ńbà àṣìṣe nìkan ni. Àwọn ètò ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Alábòójútó náà ní ẹ̀bi àwọn ètò ohùn ni. Torvalds fi lẹ́tà gbígbóná dá a lóhùn: bí àyípadà kernel bá ba ètò oníṣẹ́ jẹ́, ẹ̀bi kernel ni, a kì í di í ru ètò. Ohùn tó fi sọ ọ́ le ju bó ti yẹ lọ, inú mi kì í dùn tí mo bá tún un kà, òun náà sì tọrọ àforíjì lọ́dún 2018 fún irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ tó máa ń kọ. Ṣùgbọ́n òfin yẹn dára. Èmi gan-an ń jẹ èrè rẹ̀ lójoojúmọ́.

Ìyá onílé ìtẹ̀wé tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ní ètò kan tó fi ń tẹ rìsíìtì. Ọmọkùnrin kan ló fi C kọ ọ́ fún un lọ́dún 2008. Ọmọ náà ti kúrò nílùú, kóòdù rẹ̀ ti sọnù, fáìlì kan ṣoṣo ló kù, oní-32-bit. Kò sẹ́ni tó lè tún un ṣe compile láéláé. Lórí kernel 6.8 tó wà lórí ẹ̀rọ rẹ̀ báyìí, ó ń tẹ rìsíìtì.

Ṣé lóòótọ́ ni inú kernel ń yí padà tó bẹ́ẹ̀?

Ó ń yí padà ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ̀dà tuntun ń jáde ní ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá síra wọn, àyípadà tó ń wọlé sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan sì máa ń lé ní 10,000.

Ẹ jẹ́ ká mú apá kan ṣoṣo, èyí tó ń pín àkókò CPU láàárín àwọn ètò. Lọ́dún 2007, nínú ẹ̀dà 2.6.23, wọ́n jáwèé fún èyí tó wà níbẹ̀, wọ́n sì gbé CFS wọlé. Ní 2023, nínú 6.6, wọ́n já ìwé fún CFS náà, EEVDF ló jókòó síbẹ̀ báyìí. Ọkàn ẹ̀rọ nìyẹn o! Síbẹ̀ ẹ̀rọ orin tí ẹ ń lò kò mọ̀ pé olórí ilé ti yí padà lẹ́ẹ̀mejì.

Tàbí Big Kernel Lock. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í ní ju CPU kan lọ, àgádágodo kan ṣoṣo ni wọ́n kọ́kọ́ fi ti inú kernel, kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo, CPU tó bá fẹ́ wọlé á dúró de èyí tó wà nínú. Ó gbà wọ́n ní ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó fi àwọn àgádágodo kéékèèké rọ́pò rẹ̀ ní yàrá kọ̀ọ̀kan. Ọdún 2011, ní 2.6.39, ni èyí tó kẹ́yìn kúrò nílẹ̀.

Ẹ ní nǹkan kan kì í bàjẹ́. Kí ló wá pa dongle Wi-Fi mi lẹ́yìn update?

Ẹ ṣeun tí ẹ bi mí, torí ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń bínú sí Linux, tí wọn kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Ètò yín ń bá ojú kernel sọ̀rọ̀ láti òde. Driver dongle, ìyẹn ètò tó ń darí ohun kékeré tí ẹ kì bọ ihò USB yẹn, kò sí lóde. Inú kernel ló ń gbé, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú ohun èlò inú ilé. Ìlérí tí mo sọ lókè kò dé inú. Kò tilẹ̀ sí ìlérí kankan fún inú.

Ọmọ ìjókòó wa kan láti Ìkẹ́rẹ́ gbé laptop rẹ̀ dé láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ubuntu 20.04 ni. Kernel rẹ̀ ti gòkè láti 5.4 sí 5.8, dongle tó ń fi í mú Wi-Fi sì kú fin-ín-fin-ín. Kóòdù driver dongle yẹn, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti wà á sílẹ̀, kò sí nínú kernel. A ní kó tún un ṣe compile níwájú wa. Ó dúró sójú ìlà kan: ohun kẹrin tí a fi fún proc_create_data kì í ṣe irú èyí tó ń retí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Títí di 5.5, driver tó bá fẹ́ ní fáìlì tirẹ̀ nínú /proc á kó ohun kan tí wọ́n ń pè ní file_operations fún kernel. Ẹrù ńlá ni, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ni /proc kò lò rárá. Nínú 5.6 lọ́dún 2020, wọ́n dá tirẹ̀ sílẹ̀ fún un, ó kéré, orúkọ rẹ̀ ni proc_ops. Lọ́jọ́ tí wọ́n yí i padà, wọ́n yí gbogbo driver inú kernel tó ń lò ó padà. Ti dongle yẹn kò sí nílé, ta ni yóò bá a yí i padà?

A ṣí fáìlì náà. .open di .proc_open, .read di .proc_read, .write di .proc_write, .llseek di .proc_lseek, .release di .proc_release. Ìlà .owner kò ní arọ́pò, a pa á rẹ́. Kò ju wákàtí kan lọ. Wi-Fi dìde, ọmọ náà pariwo. Ṣùgbọ́n mo sọ fún un pé kó má tíì jó: kernel tí yóò tẹ̀lé e lè yí nǹkan mìíràn padà, a ó sì tún padà sídìí rẹ̀. Kí 5.6 tó dé, 5.0 ti yọ ohun kan kúrò lára access_ok, kí ìyẹn náà tó dé, 4.15 ti yí bí wọ́n ṣe ń ṣètò aago padà.

Kí ló dé tí wọn ò kúkú ṣe irú ìlérí kan náà fún inú?

Greg Kroah-Hartman, ọ̀kan nínú àwọn àgbà Linux, kọ ìwé kan sí i tó wà nínú kóòdù kernel fúnra rẹ̀ títí di òní. Ẹ lè wá stable-api-nonsense níbẹ̀. Mo kà á nígbà tí inú ṣì ń bí mi nítorí driver kan, mi ò fẹ́ gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ó gba ọdún díẹ̀ kí n tó gbà.

Apá USB ló fi ṣe àpẹẹrẹ. Ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti tú ojú inú lọ́hùn-ún ti USB ká, tí wọ́n tún un ṣe. Nígbà kan, driver á ní kí a gbé dátà lọ, á sì dúró síbẹ̀ títí dátà á fi dé. Wọ́n yí i sí pé kó fi iṣẹ́ sílẹ̀, kó máa bá tirẹ̀ lọ, a ó pè é tó bá ti parí. Ẹ̀rọ USB wá lè sáré dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ká ní wọ́n ti ṣèlérí fún ti àkọ́kọ́ ni, wọn ìbá ṣì máa gbé mẹ́ta pọ̀ lónìí, àtijọ́, agbedeméjì àti tuntun, kí wọ́n sì máa dí ihò ààbò nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ìdí kejì ló yí mi lọ́kàn padà. Ní oṣù Kínní 2018, ayé gbọ́ nípa Meltdown: àṣìṣe inú CPU tó lè jẹ́ kí ètò lásán ka mẹ́mórì kernel. Kí wọ́n tó lè dáàbò bo àwọn ènìyàn, wọ́n ní láti ya tábìlì mẹ́mórì kernel kúrò lára ti ètò. Iṣẹ́ abẹ ni, nínú ikùn gan-an. Ẹ̀rọ àwọn kan falẹ̀ díẹ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò sí ètò kan tí wọ́n ní kí a lọ tún kọ. Ẹni tí wọ́n bá ti so lọ́wọ́ mọ́ ìlérí nínú lọ́hùn-ún kò lè ṣe irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ kíákíá. Ojú tó dúró ṣinṣin ló fún inú lómìnira, mi ò rò pé a lè ní ọ̀kan láìsí èkejì.

Ohun tó ṣì ń dùn mí ni pé ẹni tó ń jìyà kọ́ ló ṣẹ̀. Àwọn kan á ṣe dongle, wọ́n á ju kóòdù rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n á sì kọ̀ láti mú un wọnú kernel, níbi tí àwọn mìíràn ìbá ti máa bá wọn tọ́jú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó tu owó jọ ra á ní Adó ni Wi-Fi rẹ̀ ń kú.

Kí ni kí n ṣe sí dongle náà báyìí?

Ẹ tún ẹ̀rọ tan, kí ẹ yan kernel àtijọ́ nínú GRUB, àkójọ tó máa ń hàn nígbà tí ẹ̀rọ bá ń tan, kí ẹ lè ríṣẹ́ ṣe lónìí. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ lsusb kí ẹ mọ orúkọ chip rẹ̀ gan-an, torí orúkọ ara páálí kì í sábà sọ òótọ́. Ẹ wá a bóyá kernel tuntun ti ní driver fún chip náà nínú ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ti wọlé láàárín ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Tí kò bá tíì wọlé, ẹ fi DKMS sí i kó máa tún ara rẹ̀ ṣe compile ní gbogbo ìgbà tí kernel bá yí padà. Ẹ má sì ra dongle mìíràn láìbéèrè chip.

Tí wọ́n bá wá rí i pé system call kan kò dára láti ìbẹ̀rẹ̀ ńkọ́?

Wọ́n á ṣe tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì fi ti àtijọ́ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí orúkọ bíi dup, dup2, dup3. Ẹ má fi rẹ́rìn-ín, ìtàn ni.

Àṣìṣe tí mo fẹ́ràn jù láti fi kọ́ ènìyàn ni ti open. Ẹni tó bá pè é á fi àwọn àmì kan sí i, bóyá láti kà, láti kọ̀wé, tàbí láti dá fáìlì sílẹ̀ tí kò bá sí. Àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é kò yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àmì tí wọ́n fi ránṣẹ́ jẹ́ èyí tí kernel mọ̀. Àmì tí kò mọ̀, ó kàn ń fojú fò ó ni. Ó dà bí àánú, àbí? Ṣùgbọ́n ètò kan tó ń fi àmì pàǹtírí ránṣẹ́ láti ogún ọdún ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Lọ́jọ́ tí kernel bá fún àmì yẹn ní ìtumọ̀, ètò náà á fọ́. Nítorí náà, ó ṣòro gan-an láti fi àmì tuntun kún open. Nígbà tí wọ́n ṣe openat2 ní 2020, àmì tó bá ṣàjèjì sí i, ó ń dá a padà lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú àṣìṣe tí wọ́n ń pè ní EINVAL. Ẹni tó bá le lónìí ló máa láǹfààní láti fi nǹkan kún un lọ́la.

Ti ọdún 2038 náà jẹ́ irú rẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ oní-32-bit ń ka ìṣẹ́jú-àáyá láti ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1970, iye tí wọ́n lè kà sì máa kún ní ọjọ́ 19 oṣù Kínní 2038, ní aago mẹ́rin ìdájí kọjá ìṣẹ́jú 14 ní àsìkò tiwa. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á rò pé ọdún 1901 ni. Wọn kò fọwọ́ kan àwọn ìpè àtijọ́. Ní 5.1, lọ́dún 2019, wọ́n fi àwọn tuntun bíi clock_gettime64 sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n parí èyí tó kù ní 5.6.

Kí ni ẹ ń pè ní èènì nínú ọ̀rọ̀ kernel?

Èmi ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má wá a nínú ìwé. Ìyá onígàrí máa ń fi èènì sí i. Kò sí nínú àdéhùn; kóńgò lẹ san owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ti fi sí i fún ọdún mẹ́ta, tí kò wá fi sí i lónìí, ẹ ó wo ojú rẹ̀. Kernel náà ń fún ètò ní èènì láìmọ̀, àwọn ètò á sì fi í ṣe oúnjẹ.

Ti oṣù Kẹsàn-án 2019 ló fi hàn jù. Àwọn tó ń tọ́jú ext4, ìyẹn ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ Linux fi ń tò fáìlì sórí dísìkì, mú kí ó máa lọ sídìí dísìkì níwọ̀nba nígbà tí ẹ̀rọ bá ń tan. Àtúnṣe gidi ni, kò sí àléébù kan nínú rẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ kan bá kọ̀ láti tan. Wọ́n dúró síbẹ̀, ojú dúdú, títí ẹnìkan á fi tẹ kíbọ́ọ̀dù.

Kí ló fà á? Kernel máa ń kó ohun tó fi ń ṣe nọ́ńbà àìròtẹ́lẹ̀, irú èyí tí ọ̀rọ̀ ààbò nílò, láti ara ìgbà tí dísìkì bá kàn án lára. Dísìkì kò wá kàn án lemọ́lemọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ètò tó ń ṣí ojú ìwọlé ń bẹ̀bẹ̀ pẹ̀lú getrandom, getrandom ń dúró kí ohun èlò rẹ̀ pé, kò sì pé. Ẹnikẹ́ni kò ṣèlérí pé dísìkì á máa kàn án tó iye kan. Èènì ni. Torvalds yọ àtúnṣe ext4 náà kúrò kí 5.3 tó jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ sọ pé kò sí ẹ̀bi lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́. Nínú 5.4, wọ́n fún kernel ní ọ̀nà mìíràn láti rí ohun èlò rẹ̀, àtúnṣe ext4 sì padà sílé.

Àwọn kéékèèké wà. Nọ́ńbà kan wà nínú /proc/cpuinfo tí wọ́n ń pè ní BogoMIPS, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ìtumọ̀. Wọ́n yọ ọ́ lórí ARM, irú CPU tó wà nínú ọ̀pọ̀ fóònù, ó ba ètò àwọn ènìyàn jẹ́, wọ́n dá a padà ní 2015. Nígbà tí Linux kúrò ní 2.6 tó di 3.0 ní 2011, àwọn ètò kan tó ti gbàgbọ́ pé 2.6 ni gbogbo kernel láyé dàrú. Wọ́n ṣe ọ̀nà kan, UNAME26, tí kernel á fi sọ fún irú ètò bẹ́ẹ̀ pé 2.6.40 ni òun ń jẹ́.

Ṣé kì í bàjẹ́ rárá ni?

Ó máa ń bàjẹ́ nígbà mìíràn. Tí ohun kan bá jẹ́ ewu fún ààbò, tàbí tí kò bá sí ẹnikẹ́ni tó ń lò ó mọ́, wọ́n lè yọ ọ́. Ọ̀nà àtijọ́ kan láti to ètò, a.out, kúrò lórí x86, ìyẹn irú CPU ti Intel àti AMD, ní 2022. CPU 386, èyí tí Torvalds fi bẹ̀rẹ̀ Linux, wọn kò gbà á mọ́ láti 3.8. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi ara wọn ni: ṣé ẹnìkan á mọ̀ ọ́n lára? Bí ẹnìkan bá jáde láti sọ pé òun mọ̀ ọ́n lára, nǹkan náà padà nìyẹn.

Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni Windows, Mac àti àwọn yòókù?

Rárá, kálukú ló ní ibi tó fa ìlà sí. Nọ́ńbà system call inú Windows ń yí padà láti ẹ̀dà dé ẹ̀dà. Ìlérí tiwọn wà ní òkè, lára kernel32.dll àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ètò ń gbà kọjá. Ti Apple náà wà lára libSystem. Àwọn tó ń ṣe Go, èdè kan tí wọ́n fi ń kọ ètò, fojú di ìyẹn, ètò Go ń bá kernel Mac sọ̀rọ̀ tààrà. Nígbà tí macOS Sierra dé ní 2016 pẹ̀lú gettimeofday tó ti yí padà, ètò Go bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú, àfi kí wọ́n tún wọn ṣe compile. OpenBSD, ètò mìíràn tó ń darí kọ̀ǹpútà, kò tilẹ̀ ṣe irú ìlérí yìí: ní ẹ̀dà 5.5 lọ́dún 2014, wọ́n sọ àkókò di 64-bit lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì ní kí gbogbo ètò jẹ́ tuntun. Ó mọ́ lójú, mi ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n rìsíìtì ìyá onílé ìtẹ̀wé kò ní yè é.

Kí ló dé tí fóònù mi kì í rí Android tuntun gbà?

Ọ̀rọ̀ dongle náà ni, ó kàn gbilẹ̀ sí i. Ẹni tó ṣe chip fóònù fi ọ̀pọ̀ driver tirẹ̀ sórí kernel kan, wọn kò sì mú wọn wọnú kernel gbogbogbòò. Láti gbé fóònù náà lọ sórí kernel tuntun, ẹnìkan ní láti tún gbogbo wọn ṣe, kò sì sẹ́ni tó ń sanwó fún un lẹ́yìn tí wọ́n ti ta fóònù tán.

Google gbìyànjú. Ní 2017, pẹ̀lú Android 8, wọ́n fi Project Treble ya ti Android sọ́tọ̀ kúrò lára ti ẹni tó ṣe chip. Láti Android 12 sì ni fóònù tuntun tó ń lo kernel 5.10 tàbí èyí tó jù ú lọ ti ń gba kernel kan náà láti ọwọ́ Google, tí driver yóò wá so mọ́ ọn láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ rí i pé wọ́n ṣèlérí fún inú níbí! Ṣùgbọ́n fún ẹ̀dà kan ṣoṣo ni. Tí wọ́n bá fò sí ẹ̀dà tó tẹ̀lé e, ìlérí tuntun nìyẹn.

Ètò mi fọ́ lẹ́yìn update. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá kernel ló fà á?

Ẹ tan ẹ̀rọ pẹ̀lú kernel àtijọ́, kí ẹ má yí ohun mìíràn padà. Tí ètò bá dìde, kernel ni. Tí kò bá dìde, ẹ wo àwọn library, ìyẹn àkójọ kóòdù tí ọ̀pọ̀ ètò jọ ń lò.

Library lè ṣe ohun kan náà. Ní 2010, glibc, library tí ọ̀pọ̀ ètò Linux ń lò, yí bí memcpy ṣe ń da mẹ́mórì kọ padà kó lè yá sí i. Ìwé ti sọ látọjọ́ pé a kò gbọdọ̀ lo memcpy tí ibi tí à ń kó láti àti ibi tí à ń kó sí bá gun ara wọn. Flash Player ń lò ó bẹ́ẹ̀. Ohùn fídíò wá ń ha létí. Ta ló jẹ̀bi? Ìwé dá glibc láre, ṣùgbọ́n ẹni tó ń wo fídíò nílé rẹ̀ kò ka ìwé. Ní 2.14, wọ́n ṣe é kí ètò tí wọ́n ti compile ṣáájú máa rí memcpy ìgbà tirẹ̀, kí tuntun máa rí tuntun.

Tó bá jẹ́ kernel ni, git bisect ni kí ẹ lò. Á mú ẹ̀dà tó wà láàárín èyí tó dára àti èyí tó bàjẹ́, ẹ ó dán an wò, ẹ ó sọ fún un bóyá ó dára, á gé ìdajì dànù. Láàárín àyípadà 14,000, ìgbà bíi 14 péré lẹ máa dán an wò kí ẹ tó fọwọ́ tọ́ àyípadà kan ṣoṣo tó ṣẹ̀. Ẹ fi orúkọ àyípadà yẹn ránṣẹ́ sí àwọn tó kọ ọ́. Wọn ò ní bi yín ní ìwé ẹ̀rí.

Kí la lè ṣe sí i láti Adó níbí?

Ohun tí àwọn tó wà lókè òkun kò ní, àwa ní i: ẹ̀rọ àtijọ́. Laptop tí wọ́n ti jù nù níbòmíràn ṣì ń ṣiṣẹ́ oúnjẹ ní Ọ̀yẹ́, ní Ìfàkì, ní Adó. Kí kernel kọ̀ọ̀kan tó jáde, wọ́n máa ń gbé ẹ̀dà ìdánwò sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méje tàbí mẹ́jọ, ẹ ó rí rc lẹ́yìn nọ́ńbà rẹ̀. Ẹni tó bá dán an wò lórí ẹ̀rọ àtijọ́ nígbà yẹn lè mú àṣìṣe kó tó dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn. Data kò ní pọ̀: fáìlì kóòdù tí wọ́n ti fún pọ̀ kò tó 300 MB, ẹ má gba gbogbo ìtàn git rẹ̀. make localmodconfig á mú kó ṣe compile ohun tí ẹ̀rọ yín ń lò nìkan.

Àwa máa ń gbé e kaná ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, tí iná bá wà, kó lè jinná di àárọ̀. Ìyá onílé ìtẹ̀wé á gbé fáìlì ọdún 2008 rẹ̀ wá lórí flash. A ó tan ẹ̀rọ pẹ̀lú kernel ìdánwò, òun fúnra rẹ̀ á tẹ rìsíìtì kan. Ìwé ìkọ̀wé kan wà tó ń kọ èsì rẹ̀ sí, ojú ìwé kan fún kernel kọ̀ọ̀kan: nọ́ńbà rẹ̀, ọjọ́, àti «ó tẹ̀». Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ti kọ «kò tẹ̀», ó sì fa ìlà sí i lójú ẹsẹ̀ nígbà tó rí i pé ìwé ti tán nínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.